Pélé Mẹ́ta Lójú Òkúta St Oswin

Peckham, London
16 January, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Àsúmáù, Hájíà, Ọ̀gá Tíṣà tí gbogbo Ìsẹ́yìn ṣì ń sá fún,

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ọyẹ́ tiyín ń gbẹ ètè, òtútù tiwa ń wọ eegun. Orúnkún ọ̀tún yín ńkọ́, èyí tó máa ń ṣòfófó òjò fún yín? Ẹ bá mi kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kàn. Ẹ ti jókòó? Ó dáa. Àwọn òyìnbó ti fi àbúrò yín ṣe wọ́dà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, oníbíríkì pupa, tó ti wà níbẹ̀ láti ayé Fitóríà, tó máa pé àádọ́jọ ọdún lọ́dún yìí. St Oswin ni wọ́n ń pè é. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ń bẹ lápò mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Àlùfáà wọn pàápàá kò lè wọlé àfi tí mo bá ṣí i fún un.

Mo mọ̀ pé ẹ ti mú bírò pupa. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Kì í ṣe gbogbo kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ kan ni. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Àlùfáà náà lè wọ ibi tó bá wù ú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ wá mi wá.

Sìdíkàt ọmọ mi tó wà ní Forest Hill ló dá a sílẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí n máa dá jókòó sínú fúláàtì kí n máa bá tẹlifíṣọ̀n jà. "Daddy, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nítòsí yín tó máa ń ṣílẹ̀kùn ní Tuesday àti Thursday fún ẹni tí òtútù bá ń mú. Tíì wà, bískíìtì wà, wọn ò ní wàásù fún yín." Mo ní, èmi Làtíìfù, ọmọ Olóólà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Ó ní, "Daddy, hítà wà níbẹ̀." Mo dé fìlà mi, mo lọ. Ọjọ́ Jímọ̀, mọ́sálásí ni mo wà, ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bèèrè.

Nígbà tó jẹ́ pé èmi ni wọ́n máa ń bá lórí àga, èmi náà ni àwọn àlejò ń bi ní ìtàn ibẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Ọkùnrin kan tó ń sun bíríkì ló kọ́ ọ. Òótọ́ nìyẹn. Ilé agogo rẹ̀ kò ní ṣóńṣó lórí, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Òótọ́ nìyẹn náà. Mo wá fi kún un pé nígbà tí wọ́n kọ́ ọ dé àárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sápá ilé ọtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni àlùfáà àkọ́kọ́ bá pariwo pé kí wọ́n dúró, pé ìjọ òun ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ò lè pàdánù ilé mọ́ ọn. Ìyẹn, àpò èmi ló ti jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ẹnì kan sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àǹtí, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Orí òkúta mẹ́jọ ni àwọn agbẹ́kùúta gbẹ́ sára òpó ibẹ̀ láyé ìjọ́un. Orúkọ méje wà nínú ìwé wọn, ọba, olorì, bíṣọ́ọ̀bù, irú wọn bẹ́ẹ̀. Ìkẹjọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àǹtí, ó kọ pélé! Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ṣé kò sí ẹnì kan nínú agboolé wa tó bá òyìnbó lọ láyé àtijọ́ tí kò padà? Kí lorúkọ rẹ̀?

Orín àtà mi ti tán. Kì í ṣe pé mo ń tọrọ, mo kàn ń rán yín létí pé mo ní eyín.

Àbúrò yín tí ẹ ò rí rà, tí ẹ ò rí tà,
Làtíìfù

*

Ilé Olóólà, Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Èrèlé, 2025

Làtíìfù,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Àṣìṣe mọ́kànlélógún ló wà nínú rẹ̀. Mo ti fi bírò pupa yí wọn po, mo sì fi í ránṣẹ́ padà mọ́ èyí kí o lè ṣàtúnṣe. Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mo fún ọ, ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti pé o kí orúnkún mi.

O ń ráhùn fún Sìdíkàt pé mi ò gbé fóònù rẹ mọ́. Mi ò ní gbé e. Lórí fóònù, bí mo bá ti ká irọ́ mọ́ ọ lẹ́nu báyìí, nẹ́tíwọ̀kì á bàjẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì ò lè bàjẹ́ nínú ìwé. Gbogbo lẹ́tà rẹ ló wà nínú fáìlì.

Wọ́dà ni ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́dìn ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ka lẹ́tà rẹ sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. Kó tó dìrọ̀lẹ́, àwọn mẹ́ta ti wá bá mi kẹ́dùn pé wọ́n ti jù ọ́ sẹ́wọ̀n ní London. Nígbà tí a fi máa kírun Ìṣáì, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà, wọ́n ní ìwọ lò ń ṣọ́ àwọn tó jalè nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìmáàmù ránṣẹ́ wá bi mí bóyá o ti yí ẹ̀sìn padà. Mo ní ẹ̀sìn kan ṣoṣo tó ní, kò tètè dé ibẹ̀ rí, níbo ni yóò ti ráyè ìkejì? Ó ní ó dáa.

Bískíìtì mélòó lò ń jẹ? Ìtọ̀ ṣúgà kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí mọ́sálásí.

Mo ti ń sá fún ibi tí mo fẹ́ dé. Pélé yẹn. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀méje.

Àkàngbé lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá wa ni. Bàbá wa kò bá a láyé, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ ló bá lọ sí Èkó, ó sì sọ pé òun á dé kí iṣu tuntun tó jáde. Yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí o máa ń bi mí ní kékeré pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í sùn síbẹ̀, yàrá rẹ̀ ni. Adìẹ ló ń yé síbẹ̀ báyìí. Torí pé a kò rí òkú rẹ̀, a kò ṣe àdúà kankan fún un rí. Bàbá wa mẹ́nu bà á lọ́jọ́ tó fẹ́ kú. Ó ní, "Ẹ má kó ẹrù sí yàrá yẹn o."

Làtíìfù, mo ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú eré rẹ ni, sọ ọ́ báyìí, kọ ọ́ sínú ìwé, mi ò ní nà ọ́. Bí kì í bá ṣe eré, sọ bí ilà náà ṣe rí fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orín àtà wà nínú àpò yìí.

Àsúmáù

*

Peckham
18 March, 2025

Àǹtí mi, ẹni tó fún mi ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Kí Ọlọ́run gbà á. Èmi náà ń gbà á, mo sì ń lọ sí St Oswin bẹ́ẹ̀, mò ń jókòó síwájú tíì tí ń rú èéfín láìfọwọ́ kàn án. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Adédoyin, ọmọ Ìjẹ̀bú, òun ni akọ̀wé ìjọ, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ bàbá wa lọ. Ó máa ń sún àwo bískíìtì sọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀ bí ẹní ń dẹ ẹja.

Inú mi dùn sí orúkọ tí ẹ fi ránṣẹ́. Àkàngbé! Mo gbé e lọ bá Rẹ́fúrẹ́ńdì Bethany lọ́jọ́ kejì. Òun ni àlùfáà wọn. Obìnrin ni. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o, mo ní obìnrin ni. Ó wo òkúta, ó wo mí. Ó tún wo òkúta.

"Mister Làtíìfù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín àti tirẹ̀!"

Mo ní, "Màdáámù, ohun tí mo ti ń rò láti ọjọ́ yìí nìyẹn, mi ò kàn fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́."

Adédoyin tó wà lẹ́yìn wa fi Yorùbá sọ ọ́ kí Bethany má baà gbọ́: "Bàbá, ẹ gba ààwẹ̀, ẹ sì ń parọ́?"

"Ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣé o rí omi lẹ́nu mi?"

"Irọ́ ni mo rí níbẹ̀."

Ẹ má dá a lóhùn. Bethany ti ń wá ohun tí yóò fi sínú ìwé àádọ́jọ ọdún wọn. Ohun tó wà nínú ìtàn wọn tẹ́lẹ̀ kò ju pé òrùlé jò, wọ́n tún un ṣe, ó tún jò. Nígbà ogun Hítílà, bọ́ǹbù kan já òrùlé náà wọlé, kò bú. Mo sọ fún àwọn àlejò pé ó bá wọn lẹ́nu àdúà ni, ojú tì í. Lẹ́yìn ogun, ìjọ náà dín títí ó fi ku ènìyàn mọ́kànlá àti ológbò kan, kí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó dé tí wọ́n tún kún un. Ológbò yẹn wà nínú ìwé o, èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi mí sínú ìwé, tí wọ́n sì so bájì mọ́ mi láyà: WỌ́DÌN ÌTÀN. Mo ti kọ ọ́ bí ẹ ṣe wí. Mo fi ìwé pélébé náà ránṣẹ́. Ẹ ó rí èmi àti òkúta tí a fẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, gẹ́gẹ́ bí ẹbí rẹ̀ ti sọ, Àkàngbé tó wá láti Ìsẹ́yìn ni, ó sì ṣeé ṣe kó wà lára àwọn tó gbẹ́ òkúta ibẹ̀. Ẹbí yẹn ni èmi.

Ẹ ní kí n sọ bí ilà náà ṣe rí. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, wọ́n gùn díẹ̀. Mẹ́ta lósì, wọ́n wà lójú kan. Èyí tó kángun sí ẹnu lápá òsì ní ìkọ́ kékeré nísàlẹ̀, bí tèmi, bí tiyín, ìkọ́ ilé wa gan-an. Ẹ wá sọ pé eré ni.

Wọ́dìn Làtíìfù

*

Ilé Olóólà, Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Igbe, 2025

Làtíìfù, ọmọ ìyá mi,

Mi ò yí nǹkan kan po lónìí.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún àwọn àgbà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìkọ́, Mọ́gàjí bọ́ fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n lọ gbá yàrá ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti gbá a, wọ́n ti kùn ún. Adìẹ kan tó ń sàba níbẹ̀ kọ̀ kò dìde, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kó pa ọmọ rẹ̀ tán, torí pé òun ló bá Àkàngbé ṣọ́ ilé.

A ti mú ọjọ́ fìdáù. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Òkúdu, lẹ́yìn Iléyá. Ìmáàmù ti gbà. Àwọn ará wa tó wà ní Ọ̀yọ́ àti Ṣakí ń bọ̀. Mo sọ fún wọn pé láti ẹnu àbúrò mi ni, wọ́n wo ara wọn lójú, mo sì búra fún wọn pé lórí ọ̀rọ̀ yìí, o kò lè ṣeré. Mo fi orúkọ bàbá wa búra.

Bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ òpó náà, kí o dì í sínú aṣọ funfun. Kí o sì bá wa kí àlùfáà obìnrin yẹn. Bi í léèrè bóyá wọ́n fún Àkàngbé lóúnjẹ dáadáa láyé ìgbà náà, àti bóyá ẹnikẹ́ni bá a sọ Yorùbá kó tó kú.

Àwọn ará ilé gba ìwé pélébé náà lọ́wọ́ mi, ó ń ti yàrá dé yàrá, mi ò tíì rí i gbà padà. Ojú mi kò jẹ́ kí n rí i dáadáa nígbà tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹkún ni. Mi ò sunkún báyìí láti ọjọ́ tí bàbá wa kú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àsúmáù

*

Peckham
6 May, 2025

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò. Orúnkún yín á ti sọ ọ́.

Mo ti ń ronú. Kí là ń kánjú fìdáù sí? Ṣé ó tiẹ̀ dá wa lójú pé ó ti kú? Mo mọ̀ pé yóò ti tó bí àádọ́sàn-án ọdún. Ṣùgbọ́n ọsibítù àwọn èèyàn yìí dára.

Ohun kejì, bó bá ti di ọmọ ìjọ wọn ńkọ́? Ó ti wà lára òpó ṣọ́ọ̀ṣì fún àádọ́jọ ọdún, ó dájú pé yóò ti gbọ́ ìwàásù. Ṣé Ìmáàmù mọ èyí? Ẹ fara balẹ̀ bi í, kó lọ wo ìwé, kó má kánjú. Kódà kó lo ọdún kan.

Ohun kẹta, pélé kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Ó lè jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́.

Mi ò rí yẹ̀pẹ̀ bù, wọ́n ti da símẹ́ńtì sísàlẹ̀ òpó. Àmọ́ mi ò jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣófo. Mo fi àpò tíì méjì ránṣẹ́ nínú aṣọ funfun. Ibi òpó náà gan-an ni mo ti mú wọn.

Bethany ní kí n kí yín. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ẹ ní kí n bi í. Ó fọwọ́ bo àyà. Ó ní òun á wá a nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn àtijọ́, kò sì tíì dákẹ́ wíwá a láti ọjọ́ náà. Ó ní òun fẹ́ kí yín dáadáa, pé òun á ka orúkọ Àkàngbé nínú ìsìn ọjọ́ àádọ́jọ ọdún. Àǹtí, obìnrin yìí dára jù. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú.

Wọ́n ní ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Sydenham ní June 3, Levi ni wọ́n ń pè é, onímọ̀ òkúta, láti wá yẹ orí kẹjọ yẹn wò. Iná kékeré kan ló máa ń tàn sí òkúta lójú tí òkúta á fi jẹ́wọ́. Adédoyin ti ń ka ọjọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀ ló ń kí mi: "Bàbá, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin o. Ṣé ẹ̀ ń sùn?" Mo ní mò ń sùn bí ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Ọmọ ọwọ́ máa ń jí sunkún lóru."

Ẹ sún fìdáù yẹn síwájú. Ẹ ṣe é torí tèmi.

Làtíìfù

*

Ilé Olóólà, Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Ẹ̀bìbí, 2025

Làtíìfù,

Tíì tí o fi ránṣẹ́ dé. Mọ́gàjí kò mọ ohun tó jẹ́, ó ti gbé e sórí pẹpẹ nínú yàrá náà, àwọn ènìyàn ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé wò ó.

Wọ́n dá ìwé pélébé náà padà fún mi níjẹta, ìka elépo wà lára rẹ̀. Mo mú awò tí mo fi ń ka Kùránì, mo jókòó síbi tí oòrùn ti ń wọlé, mo wò ó. Mo rí ìkọ́ náà. O kò parọ́ lórí ìyẹn. Lẹ́yìn náà mo rántí pé o kọ ọ́ pé, "bí tèmi, bí tiyín." Mo dìde, mo lọ wo dígí.

Làtíìfù, tèmi kò ní ìkọ́.

Mi ò wo ojú ara mi bẹ́ẹ̀ rí láti ogún ọdún. Pélé mi gún régé, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, kò sí ibi tó kọ́. Ọdún 1943 ni bàbá wa kọ ọ́ fún mi. Ọdún 1947 ni ilẹ̀kùn lọ́rì gé orí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ lójú mi ní ibùdókọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń yí díẹ̀ bó bá dé ìsàlẹ̀ ilà tó kẹ́yìn lápá òsì. Ìwọ kò mọ̀ ọ́n láìní ìkọ́ rí, torí ọdún 1950 ni wọ́n bí ọ. O rò pé àmì ilé wa ni. Kì í ṣe àmì ilé wa. Egbò bàbá wa ni.

Nítorí náà, ọkùnrin tó kúrò nílé kí wọ́n tó bí bàbá wa kò lè ní ìkọ́ yẹn lójú. Ẹni tó bá ní in, àbúrò mi ni. Òkúta yẹn kéré sí mi lọ́jọ́ orí, Làtíìfù.

Bàbá wa ti kú láti ọdún 1979, kò sì dé London rí. Ó lé ọ kúrò nídìí abẹ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ní ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, ó fi ọ́ sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì. Mo rántí bí o ṣe sunkún sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí o máa fi jáde wá, o ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò sunkún rí. Láti ọjọ́ náà lo ti ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Fìdáù ṣì wà ní ọjọ́ kọkànlélógún. Wọ́n ti ra màlúù. Mo ti fi orúkọ bàbá wa búra.

Àlàó, ta ló kọ ilà sí òkúta yẹn lójú?

Àsúmáù

*

Peckham
5 June, 2025

Àǹtí Àsúmáù,

Ọ̀la ni Iléyá, ẹ kú ọdún. Sìdíkàt ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ kẹwàá, òun ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí i.

Levi wá ní ọjọ́ Tuesday. Ó gun àkàbà, ó tan iná rẹ̀. Gbogbo wa dúró nísàlẹ̀, Bethany, Adédoyin, àti èmi pẹ̀lú bájì mi. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó ní, "Èyí, nǹkan irin kan ló ha á. Jàǹbá ni." Ó sún sápá òsì. Ó sún iná mọ́ ọn. Ó ní, "Èyí kì í ṣe jàǹbá. Ẹni tó gé èyí mọ ohun tó ń ṣe."

Bethany bi í pé ó tó ọdún mélòó. Ó ní kò tíì pé ọdún kan, eruku òkúta ṣì wà nínú rẹ̀.

Adédoyin wò mí. Mo ń retí kó sọ̀rọ̀. Ó kàn fa àga kan wá, ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó." Àǹtí, ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà mí.

Mo sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀. Bethany ní láti kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, torí pé òfin ń dáàbò bo òkúta yẹn. Kò bínú, ó burú ju kó bínú lọ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ òótọ́. Wọ́n gba bájì. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n ní mo ṣì lè máa wá mu tíì.

Níbi tí Bethany ti ń wá ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ẹ bi í, ó rí orúkọ ẹni tó ni orí náà. Nínú ìwé ìpàdé ọdún 1875 ló wà. Wọ́dìn àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ni. Ẹjọ́ wẹ́wẹ́ rẹ̀ pọ̀ lórí iṣẹ́ wọn débi pé àwọn agbẹ́kùúta gbẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹnu lílà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́dìn ṣe kọ wọ́dìn nílà.

Ẹ sọ fún Mọ́gàjí pé èmi ni. Ẹ má fi orúkọ yín bò mí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe fìdáù náà, ẹ ṣe é fún Àkàngbé fúnra rẹ̀, níbikíbi tó bá sùn sí, torí pé ó ti yẹ kí ẹnì kan ṣe é fún un tipẹ́. Ẹ má ṣe é fún òkúta mi. Kí ẹ sì kó tíì yẹn kúrò lórí pẹpẹ.

Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan. Láti oṣù márùn-ún ni mo ti ń sá fún ìdáhùn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù December ni, ọjọ́ Tuesday. Wọ́n fẹ́ so ìràwọ̀ Kérésì kọ́ sára òpó, Adédoyin ní kí n dúró de ẹni tó lókun. Mo ní ta ló sọ fún un pé mi ò lókun? Nígbà tó lọ gbé tíì wá, mo gbé àkàbà irin náà fúnra mi. Ó yọ̀. Orí rẹ̀ ha òkúta náà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ha á nígbà mẹ́ta kó tó dúró. Mo wò ó. Mo mọ̀ pé wọ́n á lé mi, pé mi ò ní ríbi lọ ní Tuesday mọ́. Mo tún wò ó, mo rí i pé mẹ́ta ni, wọ́n sì dúró bíi pélé. Mo ní bí òdìkejì bá ní mẹ́ta, kò ní jẹ́ ìbàjẹ́ mọ́, ilà ni yóò jẹ́. Ìṣó kan wà lápò mi. Mo gun àkàbà, mo fọwọ́ òsì di orí náà mú bí bàbá wa ṣe máa ń di orí ọmọ mú. Mi ò ronú nípa ìkọ́, ó kàn wá fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ̀wé sí yín láti rí orúkọ tí mo máa fi bo irọ́ náà.

Èmi ni mo kọ ọ́, Àǹtí. Ojú kan ṣoṣo tí mo kọ nílà láyé mi nìyẹn, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n.

Àlàó